Àlejò Ọlọ́jọ́ Méjì

Mùdáṣírù fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Glásígò:
òkúta lórí òkúta, ilé ọba àtijọ́ kan lórí àpáta,
òjò ń rọ̀ wínníwínní bí ẹni ń ku èlùbọ́.
"Ẹ wá wò ó, Mọ́mì. Ọjọ́ mẹ́ta péré, a ó ti rìn ín já."
A gba fọ́ọ̀mù. A sanwó.
A ya fọ́tò tí etí méjèèjì hàn.
Ìwé padà dé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ:
wọn ò gbà pé a ó padà sílé.

Àlàmú ká ìwé náà sí mẹ́rin,
ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Ó ní, "Ta ló sọ pé ilé ò ṣe é lọ?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di báàgì kan ṣoṣo,
a ti ilẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Aró,
a gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ókè-Fìà,
ìrìn tí kò jìnnà, bí orúnkún bá gbà.
Ọmọ tó ń kọ orúkọ béèrè ibi tí a ti wá.
Mo la ẹnu, Àlàmú gbà á lẹ́nu mi:
"Ọ̀nà jìn, ọmọ mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀dì rọ̀ jù. Amúlétutù ń kùn bí ológbò.
Ẹnìkan ò kan ilẹ̀kùn wá tọrọ iyọ̀.

Láàárọ̀, a dé igbó Ọ̀ṣun.
Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Fọláṣípé, ló mú wa kiri:
ògiri tó lójú, ẹnu ọ̀nà tó yawọ́ bí ìyá tó ń pe ọmọ,
ère amọ̀ tí ewé ti hù sí léjìká.
Ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin àlejò, ilẹ̀ ń yọ̀."
Èmi tí wọ́n fi omi odò yìí wẹ̀ fún lọ́jọ́ ìkómọ!
Mo dákẹ́. Mo jẹ́ kó dì mí lọ́wọ́ mú.
Lóòótọ́, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún
tí mo ti dúró wo omi yẹn gbẹ̀yìn
láìjẹ́ pé mo ń sáré kọjá.

Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀,
ó já dòdò Ìkirè gbà lọ́wọ́ Àlàmú.
Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin,
ó gbá tẹ̀lé ẹranko, bàtà kan yọ sílẹ̀,
mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di igi mú.

Nírọ̀lẹ́, ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Koríko ti ga ju irin lọ.
Ibẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀fà nígbà náà lọ́hùn-ún,
àpótí páànù lórí, ó bi mí lọ́nà.
Mo sọ fún un, fún ìgbà àkọ́kọ́,
pé mo mọ̀ọ́mọ̀ júwe ọ̀nà òdì ni,
kó lè padà wá bi mí lẹ́ẹ̀kejì.
Ó wo ojú irin títí.
"Mo ti bi ẹlòmíì," ó ní, "kí n tó bi ìwọ."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ wa
bí a ṣe ń fi ìda kọ nǹkan sára aṣọ.
Mo ya ilé ọba orí àpáta Mùdáṣírù.
A rì í sínú aró, a sá a sóòrùn:
ìkòkò tó dojú dé ni.
Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀,
pẹ̀lú odò, pẹ̀lú Àlàmú àti bàtà kan.
Ọmọ fèsì: "Ibo lẹ wà? Ibẹ̀ mà dára o!"
N ò tíì dá a lóhùn.

A délé ní ọjọ́ Àìkú, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa.
Ìyá Sílífátù yọjú láti ojú fèrèsé:
"Ẹ kú ìrìnàjò! Kí lẹ mú bọ̀ fún wa?"
Àlàmú tọwọ́ bọ àpò,
ó mú ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì jáde, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ.
Ìyá Sílífátù gbé e símú, ó mí kanlẹ̀,
ó ní, ọṣẹ òkè òkun, ó yàtọ̀.